Gbogbo Aṣọ Kọ́ Ni À Ń Sá Lóòrùn
(Ọ̀rọ̀ tí àlùfáà ẹgbẹ́ Yorùbá bá àwọn olùgbọ́ sọ lórí rẹ́díò ní Sókótó)

  Àwọn ará ilé máa ń fi òwe pa wá lẹ́rìn-ín pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa tí a wá a dé Sókótó ní tòótọ́ mọ̀ pé òwe náà ti gba ìtumọ̀ mìíràn lóde òní. Fóònù ni ó wà nínú àpò ṣòkòtò wa báyìí, inú fóònù náà ni ayé gbogbo sì kó sí. Inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí ti jáde.

Ìwé ìmọ̀ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní Wikipedia. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Jimmy Wales àti Larry Sanger, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2001. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí a yàn tí a sì sanwó fún ni wọ́n máa ń kọ ìwé ìmọ̀ ti àtijọ́, àwọn ìwé ràgàjì tí a ń rí nínú ilé ìkàwé. Ní ti Wikipedia, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lè kọ sínú rẹ̀, ó sì lè tún èyí tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Ó wà ní èdè Yorùbá, ó wà ní èdè Haúsá, àti ní èdè tí ó lé ní 300. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Àwọn akọni wa tí àwọn olùkọ̀wé ìmọ̀ àtijọ́ kò kà sí, àwọn ọmọ wa ti ń kọ ìtàn wọn síbẹ̀ fúnra wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú wa tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wá bi mí ní ìbéèrè kan. Wọ́n ń kọ ìtàn gbajúmọ̀ kan tí ó ṣì wà láàyè. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti kọ ilé ìwé tí ó lọ, wọ́n ti kọ iṣẹ́ tí ó ṣe, àyè méjì ni ó ṣẹ́ kù: ẹ̀yà rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń rò nípa rẹ̀, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tí ó mọ ìdílé rẹ̀ ti sọ ohun tí ó jẹ́ gan-an fún wọn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Ṣé kí àwọn kọ ọ́? Wọ́n ní, “Òtítọ́ ṣáà ni.”

Gbólóhùn yìí, òtítọ́ ṣáà ni, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Nílé, ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí kí àbúrò jẹ́ Onígbàgbọ́, kí wọ́n jọ jẹ ẹran Iléyá, kí wọ́n sì jọ jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Bí a bá bi ènìyàn ní ẹ̀sìn rẹ̀ níbẹ̀, yóò dáhùn láìronú. Ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má mọ̀ pé ìdáhùn kan náà a máa di ẹrù wúwo ní ibòmíràn. Ní ìhà Òkè Ọya yìí, orúkọ pàápàá kì í sọ ohun tí ènìyàn jẹ́ tán. Ẹ wo Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí ó ṣe olórí orílẹ̀-èdè wa láti 1966 títí di 1975. Ọ̀pọ̀ ará ilé wa ni wọ́n pè é ní Haúsá nígbà náà, kìkì nítorí pé ó ti Òkè Ọya wá, tí orúkọ rẹ̀ sì ń dún bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Ngas ni, láti ìhà Pankshin. Wusasa ní Zaria ni ó gbé dàgbà, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere. Gowon sọ ti ara rẹ̀ láìfi bò, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kíkọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tí ó kúrò nínú ẹ̀sìn kan bọ́ sí òmíràn tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ẹlòmíràn wà tí baba rẹ̀ jẹ́ ará ìlú tí wọ́n ti ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ jà fún ọdún pípẹ́.

Ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2022 ní ìlú yìí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà tàbùkù sí ẹ̀sìn, wọ́n sì pa á nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 12. Ní ọjọ́ 14, èrò tú sí ìgboro, wọ́n ba àwọn ilé ìjọsìn jẹ́, kàtídírà wa kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé wákàtí 24. Ìgbìmọ̀ Sultan bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà, ó yẹ kí a sọ èyí kí a má ṣe máa fi ẹ̀bi àwọn kan kan gbogbo ènìyàn. Mo mú un wá sí ìrántí nítorí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti ní Houston, tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ lè fi ìka méjì tẹ ìlà kan nípa ẹ̀sìn ẹni tí ó wà níhìn-ín, kí ó sì pa fóònù rẹ̀ dé kí ó lọ sùn. Ẹni tí ó kọ ọ́ nípa rẹ̀ ni kò ní rí oorun sùn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ti ń pẹ́ tó kí ó tó kúrò nílẹ̀, ẹ má ṣe lọ jìnnà. Ní ọdún 1812, Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí ó di Sultan lẹ́yìn baba rẹ̀, kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá tí a ń pè ní Infaq al-Maysur. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni. Nínú ìwé náà ó kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn Yarba, èyíinì ni àwa, jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, láti inú ìran Nímírọ́dù. Ohun tí a sọ fún un nípa wa ni ó kọ. Clapperton, ará Scotland tí ó wá sí Sókótó ní 1824, mú díẹ̀ lára ìwé náà lọ, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1826. (Clapperton padà wá, ẹ̀bá ìlú yìí ni ó kú sí ní oṣù kẹrin, 1827.) Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ ìtàn àwọn Yorùbá, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ọ̀rọ̀ Bello yìí ṣì wà lójú ọ̀nà, ó sì ní láti dá sí i. Ọdún 109 ni ó wà láàárín 1812 àti 1921. Títí di òní, ẹ óò gbọ́ ẹni tí yóò fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ Nímírọ́dù ni wá. Orúkọ náà Yorùbá gan-an, àwọn ará ìhà ìhín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pe àwọn ará Ọ̀yọ́ kí ó tó di ti gbogbo wa. Nítorí náà, bí ẹ̀yà kan bá wà lábẹ́ ọ̀run tí ó yẹ kí ó mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ẹlòmíràn bá sọ ẹni tí a jẹ́ fún ayé láìbi wá, àwa ni.

Irú ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa mú wá ti dé iwájú àwọn olóòtú Wikipedia fúnra wọn rí, ní Amẹ́ríkà. Philip Roth, òǹkọ̀wé ńlá tí ó kú ní 2018, kọ ìwé ìtàn-àròsọ kan ní ọdún 2000 tí ó pè ní The Human Stain. Ìtàn náà jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe òyìnbó, nítorí pé awọ ara rẹ̀ fúnfun tó bẹ́ẹ̀. Wikipedia wá kọ ọ́ pé ìgbésí ayé Anatole Broyard ni a gbé ìtàn náà kà. Roth ní rárá. Ọ̀rẹ́ òun kan, Melvin Tumin, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton, ni ohun kan ṣẹlẹ̀ sí tí òun fi rí ìtàn náà kọ. Wọ́n dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ òun nìkan kò tó, kí ó wá ẹ̀rí láti ibòmíràn. Ni ọkùnrin náà bá kọ lẹ́tà gígùn sínú ìwé ìròyìn The New Yorker ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, kí ó lè di ẹni tí ó ní ẹ̀rí láti ibòmíràn. Ayé rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tí ó bí ọmọ ni wọ́n ní kí ó mú ẹlẹ́rìí wá pé òun mọ orúkọ ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n èmi kò káàánú Roth púpọ̀. Ó ní ẹnu, ó sì ní ibi tí yóò ti lò ó. Broyard ni mo káàánú. New Orleans ni a bí i sí ní 1920, nínú ìdílé tí ó ní ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Láti kékeré rẹ̀ ni ìdílé náà ti kó lọ sí New York, nígbà tí ó sì dàgbà, ó di aṣelámèyítọ́ ìwé fún New York Times fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbé ayé bí òyìnbó. Kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí àìsàn ti fẹ́ pa á ní 1990 ni ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. N kò ní yìn ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹbí tí wọn kò mọ̀, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré lójú Yorùbá. Síbẹ̀, ẹ wo Amẹ́ríkà tí ó ti jáde: bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú nígbà náà, igun kan wà tí wọ́n máa ń tì í sí, ibẹ̀ ni wọn óò fẹ́ kí ó wà títí yóò fi kú. Ó fẹ́ kí a máa pe òun ní òǹkọ̀wé, kí ó parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Louis Gates kọ ọ́ síta ní 1996. Ní 2007, Bliss Broyard, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá kọ ìwé tirẹ̀ lórí baba rẹ̀ àti ìdílé tí a fi pa mọ́ fún un. Bí ẹ bá bi mí, èyí ọmọ rẹ̀ ni mo fara mọ́ jù. Ìtàn tirẹ̀ náà ni.

Ó ya ni lẹ́nu pé àwọn olóòtú Wikipedia ti gbé òfin kalẹ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa mu. Ọ̀fọ̀ ni ó kọ́ wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ẹnìkan fi ṣeré, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti fura sí John Seigenthaler, akọ̀ròyìn àgbà kan ní Nashville, pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ Kennedy àti ti àbúrò rẹ̀ Robert. Seigenthaler yìí wà lára àwọn tí wọ́n gbé pósí Robert Kennedy! Irọ́ náà wà níbẹ̀ ju oṣù mẹ́rin lọ kí a tó pa á rẹ́. Nígbà tí bàbá náà kígbe síta nínú ìwé ìròyìn, ojú ti àwọn oníwèé ìmọ̀, wọ́n sì ṣe òfin pàtàkì lórí ìtàn ẹni tí ó wà láàyè. Ohunkóhun tí ó lè ba ènìyàn lórúkọ jẹ́ tí kò ní ẹ̀rí, kí a yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀ láìdúró gba àṣẹ. Bí ẹni náà kò bá fẹ́ kí a kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí a fi ọdún nìkan síbẹ̀. Ní ti ẹ̀sìn, a kò gbọdọ̀ to ènìyàn mọ́ àwọn ẹlẹ́sìn kan àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, tí ó sì kan ohun tí a fi mọ̀ ọ́n láwùjọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti irú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn àgbà wa kò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ní inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé.

Mo mẹ́nu kan ìfà ọkàn, n kò sì ní sá fún un. Justin Fashanu jẹ́ ọmọ wa, bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni a bí i sí ní 1961. Agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà ni baba rẹ̀, nọ́ọ̀sì ará Guyana ni ìyá rẹ̀. Ìgbéyàwó náà tú ká, òun àti John àbúrò rẹ̀ sì bá ara wọn ní ilé àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, kí tọkọtaya òyìnbó kan tó gbà wọ́n tọ́ ní Norfolk. Ní 1981, Nottingham Forest san mílíọ̀nù kan páùn lórí rẹ̀. Kò sí aláwọ̀ dúdú tí wọ́n san iye bẹ́ẹ̀ lé lórí rí nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láìpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ pàápàá sì fi bú u. Fún bí ọdún mẹ́wàá ni ó fi gbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí ó fi la ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn The Sun ní oṣù kẹwàá ọdún 1990. Àbúrò rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní gbangba, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, Justin kú ikú ọwọ́ ara rẹ̀, ẹni ọdún 37. Ọ̀ràn mìíràn ti dé bá a ní àkókò náà, n kò sì ní di ẹ̀bi ikú rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni.

Lónìí, ẹni tí ó bá kọ ìtàn rẹ̀ lè kọ ohun tí ó sọ ní 1990, nítorí òun ni ó sọ ọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní 1982, kí ó tó sọ ọ́, olófòófó ni, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Òtítọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mú un wá yàtọ̀. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, níbi tí òfin ọdún 2014 ti lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n, ẹni tí ó kọ ọ́ nípa alààyè tí kò sọ ọ́ rí ti kọ ìwé ẹ̀sùn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, ó sì tọ́ kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n yóò ní àwọn olóṣèlú wa yóò máa sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Rárá o. Nígbà tí a gbé Ààrẹ Umaru Yar'Adua, ọmọ Kàtsínà aládùúgbò wa, lọ sí ilẹ̀ Saudi ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 2009, àìsàn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ nìkan mọ́. Orílẹ̀-èdè wà láìsí ẹni tí ó ń tukọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 2010, nígbà tí ilé aṣòfin fi Jonathan ṣe adelé. Ẹni tí ó bá gba àga ìlú ti jẹ ìlú ní gbèsè àlàyé lórí ohun tí ó bá kan àga náà: ọjọ́ orí rẹ̀ bí òfin bá béèrè rẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀, owó rẹ̀, ìlera rẹ̀. Bí a bá sì fi irú rẹ̀ pa mọ́, àhesọ ni yóò gba àyè rẹ̀. Ṣebí ẹ rántí Ààrẹ Buhari, tí ó ti di olóògbé báyìí, tí ó pẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù nítorí àìsàn ní 2017 tí ẹnikẹ́ni kò sọ àrùn náà fún wa. Àwọn ènìyàn ní ó ti kú, pé ẹnìkan tí ń jẹ́ Jibril láti Sudan ni ó wà lórí àga. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ní Poland, ó di dandan fún àgbàlagbà náà láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà pé òun gan-an ni òun!

Nígbà mìíràn, ẹbí ni yóò tú aṣọ náà sílẹ̀, fún ìdí tí ó tóbi ju ẹ̀kọ ìtìjú lọ. Fela kú ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ìlera rí, pe àwọn akọ̀ròyìn, ó sì sọ fún wọn pé àrùn éèdì ni ó fa ikú náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà náà ṣì ń sọ pé kò sí ohun tí ń jẹ́ éèdì, pé ìtàn àwọn òyìnbó ni. Àwọn olólùfẹ́ Fela kan bínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó sọ ọ́, àti ìdí tí ó fi sọ ọ́: ọmọ ìyá rẹ̀ ni, dókítà ni, ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọrin àbúrò òun má ṣe tẹ̀ lé e dé ibojì. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tí ó lọ tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè fi ara rẹ̀ wé e.

Nítorí náà, ìdáhùn tí mo fún àwọn ọ̀dọ́ wa ni pé kí wọ́n fi àyè méjèèjì sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n bi mí bóyá èyí kì í ṣe irọ́. Àyè òfìfo kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ kún un, kí wọ́n wá ibi tí ọkùnrin náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nínú ìwé tí ó kọ tàbí nínú ọ̀rọ̀ tí ó bá akọ̀ròyìn sọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, láìbùmọ́ ọn. Mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe kọ ọ́ báyìí kí wọ́n wá pa á rẹ́ lọ́la, nítorí ìwé náà kì í gbàgbé. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tí a pa rẹ́ níwájú ṣì wà lẹ́yìn níbẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí i. Àwọn alábòójútó ìwé náà nìkan ni wọ́n ní àṣẹ láti fi irú rẹ̀ pa mọ́, bí a bá kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni tí ó wà láàyè, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn alábòójútó náà ní ọjọ́ kan náà. Ẹ má ṣe jíròrò rẹ̀ ní gbangba níbẹ̀, ẹni tí kò tíì rí i yóò tibẹ̀ rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá wa sí, a óò sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ wa tí a bí ní ìlú yìí tí wọ́n gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ.